Bí Bàbá Adéògún Ṣe Sá Igbó Bíi Kòkó ní Sugar Land

Ọ̀sán gangan ni Bàbá Adéògún sá igbó síta ní Sugar Land. Kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé o. Iwájú ilé ni, lórí driveway, níbi tí àwọn tó ń mú ajá rìn ń gbà kọjá. Wọ́n tẹ́ tapólì búlúù, wọ́n da igbó lé e lórí, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wá ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i síwá sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń sá kòkó ní Ìdànrè. Wọ́n tún ń kọrin ìjọ sí i.

Charles, ará Amẹ́ríkà tó ń gbé ilé kejì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ trailer wíwà, ló kọ́kọ́ rí wọn. Garawa ìdọ̀tí ló ń tì bọ̀ níta. Ó fi garawa sílẹ̀, ó sáré dé.

"Chief! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń sá a."

"Síta gbangba báyìí? Chief, Texas la wà o! Wọ́n máa gbé ẹ!"

"Nítorí pé mo lo oòrùn? Oòrùn ìjọba ni?"

Charles fẹ́ fèsì, àfi bí mọ́tò funfun kan ṣe yà wọlé. Jasmine ni, obìnrin tó ń ṣọ́ òfin estate, ẹni tó máa ń fi rúlà wọn koríko onílé. Charles sá padà sẹ́yìn garawa ẹ̀, ó lọ ba síbẹ̀. Jasmine sọ̀ kalẹ̀. Ó wo igbó. Ó wo ẹsẹ̀ Bàbá. Ó mí kanlẹ̀.

"Mr. Adéògún, a ti jọ sọ ọ̀rọ̀ yìí rí. Tapólì búlúù ò gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé. Brown nìkan ni òfin gbà."

Ọ̀rọ̀ yẹn rú Bàbá lójú. "Ewé orí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ewé kẹ̀? Ìyẹn ò kàn mí. Ó tiẹ̀ máa ń wù mí bí ẹ̀yin ará Áfíríkà ṣe ń jẹ ẹ̀fọ́." Ó wọ mọ́tò, ó bá tiẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, Bàbá ti lọ ra tapólì brown.

Ẹni tí ò bá mọ Bàbá Adéògún á rò pé orí wọn ò pé ni. Ó pé o, ó tiẹ̀ pé jù. Ẹnjiníà epo rọ̀bì ni wọ́n. Wọ́n wá kàwé sí Houston látìgbà tí irun wọn ṣì pọ̀, wọ́n sì ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ láyé, iṣẹ́ kòkó bàbá wọn nìkan ni wọ́n gbà pé ó jẹ́ ìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń pín kòkó sí grade nílé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín gbogbo ayé. Ìwàásù pásítọ̀: grade two. Iyán inú páálí: grade three. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ wọn, wọ́n gba máíkì, wọ́n wo ọkọ ìyàwó látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Grade two ni, ṣùgbọ́n ó ṣì lè gbẹ sí i."

Ẹ má wá rò pé Bàbá ń mu igbó o. Wọn ò mu sìgá rí. Ìyàwó wọn ló fà á, Sìkírátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Tọ́mi. Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí Ìyá Tọ́mi lẹ́yìn, ìrora kan wà tó máa ń gba ìbàdí lọ sẹ́sẹ̀, kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Wọ́n lo oògùn, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbàdúrà ti mọ́ṣáláṣí, Bàbá gba ti ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Oorun kọ̀. Ojú Ìyá wá ń jìn wọnú lójoojúmọ́, Bàbá sì ń wò ó. Ẹni tó ti fa epo jáde nísàlẹ̀ òkun, kò rí oorun fà wá fún ìyàwó ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ Bàbá lọ́kàn.

Charles ló wá sọ pé igbó ló ń bá òun tọ́jú orúnkún òun, ló bá fún Bàbá ní irúgbìn. Bàbá gbìn ín sáàárín ewúro àti efinrin ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì hù, ó ga, ó ń yọ orí lókè ọgbà. Tọ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, oníṣẹ́ pharmacy ni, Cinco Ranch lòun àti ọkọ ẹ̀ ń gbé. Ọjọ́ tó wá kí wọn tó rí irú ewé tó wà láàárín ewúro, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

"Daddy! Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè gba licence mi?"

"Licence ẹ wà ní Cinco Ranch," Bàbá dáhùn, wọn ò wojú ẹ̀. "Sugar Land lèyí wà."

Nígbà tí wọ́n kórè ẹ̀, Charles ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi bí wọ́n ṣe ń gbẹ ẹ́ hàn wọ́n. Bàbá fọwọ́ dá a dúró. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ìdànrè bí wọ́n ṣe ń gbẹ nǹkan oko? Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà, wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbóná bíi kòkó, kó tó kan oòrùn. Ó gbóná lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà, Ìyá Tọ́mi tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì pariwo, "Bàbá Tọ́mi, kí ló kú sínú ilé yìí?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n sá a sí driveway, lójú Jasmine. Tapólì brown náà ò ràn án lọ́wọ́. Ó gbẹ gan-gan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó di eruku. Charles gbóòórùn ẹ̀, ó yí imú padà.

"Chief, koríko lo ṣe o. Kó o máa fi bọ́ màlúù."

Bàbá fa ọ̀bẹ pélébé yọ lápò, wọ́n la ẹyọ kan sí méjì bí wọ́n ṣe ń la kòkó, wọ́n wo inú ẹ̀ títí. "Kì í ṣe grade kankan," ni wọ́n wí. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn. Láti ibẹ̀, Bàbá ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Tọ́mi nínú ilé, tó ń lọ, tó ń bọ̀, oorun ò sí.

Ìgbà kejì tí wọ́n kórè, Bàbá gbà fún Charles. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Ẹni tí ò gbà fún Jésù tán. Charles ní òkùnkùn ni igbó fẹ́, kì í ṣe oòrùn. Kí wọ́n so ó kọ́ sínú garage, orí sísàlẹ̀, kí atẹ́gùn máa rọra fẹ́ ẹ. Tó bá gbẹ tán, kí wọ́n kó o sínú ìgò, kí wọ́n dé e, kí wọ́n sì máa ṣí ìgò yẹn lójoojúmọ́ kó lè mí.

"Kó lè mí? Ṣé òkú kọ́ ni?"

"Chief, ṣáà ṣí i."

"Tí mo bá ṣí i, kí ni kí n sọ fún un?"

Bàbá fi klíìpù ìsáṣọ so igbó kọ́ gbogbo òkè garage, lórí mọ́tò Camry àtijọ́ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí Ìyá Tọ́mi ń sá hijab wọn sí. Òórùn ẹ̀ wọ ibi gbogbo. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí, Alhaja kan sún mọ́ Ìyá Tọ́mi, ó fa imú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, turare yín yìí mà dáa o. Níbo lẹ ti rà á?" Ìyá Tọ́mi tún hijab wọn ṣe. Wọ́n ní, "Ọkọ mi ló ṣe é."

Nígbà tí ti inú ìgò dáa tán, Bàbá ní oògùn kankan ò ní kan ẹnu ìyàwó òun láìkọ́kọ́ kan tòun. Wọn kì í mu èéfín, ni wọ́n bá sè é mọ́ bọ́tà, wọ́n fi bọ́tà yẹn sí búrẹ́dì, wọ́n gbé gẹ́ísà lé e, wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Kò sí nǹkan kan. "Charles ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n bá jẹ búrẹ́dì kejì. Ọmọ, búrẹ́dì kejì yẹn la fi ń sọ̀rọ̀ wọn títí dòní.

Ìyá Tọ́mi wá ọkọ wọn nínú ilé, wọn ò rí i. Kò sí ní ẹ̀yìnkùlé, kò sí lọ́dọ̀ Charles. Ìgbà tí wọ́n dé garage ni wọ́n rí Bàbá nínú Camry. Wọ́n de bẹ́líìtì. Wọ́n di sítíárín mú le. Wọn ò ṣáná sí mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lórí tábìlì nínú kíṣíìnì.

"Àwọn tó ń wa mọ́tò ní freeway 59 yìí á pa èèyàn!" Bàbá ń pariwo. "Wo bó ṣe dúró sójú kan! Ta ló fún ẹ ní mọ́tò? Ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé o jáde? Wo orí ẹ bí ìdí ìkòkò!"

Ìyá Tọ́mi kan wíńdò. Bàbá ta gìrì.

"Ìyá Tọ́mi! Báwo lo ṣe fẹsẹ̀ rìn dórí freeway?"

"Bàbá Tọ́mi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Bàbá rò ó, rò ó. "Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n a ti pẹ́. Wọlé kíá!"

Orí Ìyá dàrú. Ṣé kí àwọn pe Tọ́mi ni, ṣé kí àwọn pe ambulance ni? Wọ́n kúkú wọlé, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, wọ́n de bẹ́líìtì. Bàbá bú onítrailer kan. Wọ́n bú obìnrin kan tó ń fi àtíkè pa ojú lórí ìrìn. Wọ́n bú ọkùnrin kan tó jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, orí ẹ̀ ò kún ìjókòó. Ìyá Tọ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n fara ti ìjókòó. Ìbàdí wọn rọ̀.

Nígbà tí Tọ́mi dé nírọ̀lẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn garage, ó fẹ́ figbe ta. Bàbá gbé ìka sẹ́nu, ọwọ́ kejì ṣì wà lórí sítíárín.

"Rọra. Mummy ẹ ń sùn. A ti fẹ́ dé."

Àríyànjiyàn wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní òórùn igbó tí òun gbẹ dáadáa yẹn ló fún Ìyá lóorun, pé grade one gidi ni. Charles ní kò sí òórùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìyá ò jẹ lára búrẹ́dì. Tọ́mi ní ìjókòó mọ́tò ló bá ẹ̀yìn Mummy mu, ló bá ra àga tó ń tẹ̀ sẹ́yìn sí pálọ̀. Ìyá jókòó síbẹ̀, ojú wọn dá gbáú. Wọ́n gbé ìgò igbó sí yàrá, oorun ò wá. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bú àwọn onímọ́tò láti yàrá, Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ariwo yìí pọ̀." Àfi tí gbogbo ẹ̀ bá pé sínú Camry. Kò yé ẹnikẹ́ni. Kò yé Bàbá náà, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà.

Bó ṣe di ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sán nìyẹn. Bàbá á ṣí ìgò, á jẹ́ kó mí, á dé e padà, á wọ mọ́tò. Wọn ò jẹ búrẹ́dì yẹn mọ́ o, orí wọn pé pérépéré. Wọ́n á kàn máa wa mọ́tò tí ò kúrò lójú kan, wọ́n á máa bú ayé, Ìyá á sì sùn. Àdúgbò mọ̀ pé èèyàn kì í pe fóònù Bàbá Adéògún lásìkò yẹn, nítorí wọ́n wà lórí freeway.

Ọ̀gìnnìtìn tó kọjá ni Bàbá lọ. Ọkàn ni, wẹ́rẹ́, kò fi ìyà jẹ wọ́n. Lẹ́yìn ìsìnkú, a jókòó sílé wọn, Charles sọ ti tapólì, a rẹ́rìn-ín títí ọfun wa fi gbẹ. Tọ́mi náà rẹ́rìn-ín. Ó sì ti kó gbogbo igbó dànù kí àwọn àlejò tó dé, nítorí licence.

Ìyá Tọ́mi ò sùn mọ́. Tọ́mi gbé wọn lọ sí hospital, wọ́n fún wọn ní oògùn mìíràn, kò ṣiṣẹ́. Ó ní kí wọ́n wá máa gbé ní Cinco Ranch, wọ́n kọ̀. Ojú wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í jìn. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Tọ́mi wá wọn nínú ilé títí, ó wá bá wọn nínú Camry. Ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ti de bẹ́líìtì, wọ́n ń wo ògiri garage.

 Tọ́mi kúkú wọlé sẹ́yìn sítíárín.

"Mummy, kí la fẹ́ ṣe?"

"Wa mọ́tò."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Daddy ẹ kì í lo kọ́kọ́rọ́."

Tọ́mi di sítíárín mú. Garage ò rùn mọ́, ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. 

"Ẹnì kan ti dí wa lọ́nà," ni Ìyá wí.

Tọ́mi wo ògiri. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ yà fún wa díẹ̀."

"Olúwatọ́mi. Ṣé o ń bẹ̀ ẹ́ ni?"

Tọ́mi tún ara ẹ̀ ṣe. "Ìwọ! Ìwọ onítrailer yẹn! Orí ẹ... orí ẹ dà bíi watermelon!"

Ìyá rẹ́rìn-ín ní imú. "O ń gbìyànjú. Máa bá a lọ."

Ó bá a lọ. Ó bú bọ́ọ̀sì ilé ìwé. Ó bú ọlọ́kadà kan tí kì í tiẹ̀ sí ní Texas. Nígbà tí Yorùbá ẹ̀ tán, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bú wọn, omi ń jáde lójú ẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Nígbà tó wẹ̀gbẹ́, orí Ìyá ti wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ẹnu wọn là díẹ̀, wọ́n ń hanrun.

Tọ́mi ò mú ọwọ́ kúrò lórí sítíárín. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó wá ń fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bú ẹni tó wà níwájú.