Ìró Ìbọn Níwájú Ilé Ìgbẹ̀bí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀ mí sí sọ́jà tó jagun abẹ́lé tó sì padà di oníṣòwò páànù àti sìmẹ́ńtì. Àṣejù wà nínú bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn ogun náà. Bí mo bá ti mu ẹmu ife méjì, màá ní ìró ìbọn ni mo fi ń sùn lójú ogun. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ aṣọ sọ́jà, bí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn gbàà lẹ́yìn mi, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún àwọn tó ń pè mí ní akọni?

Kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí mo kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí ìlú ìyá mi, ìlú kékeré kan lọ́nà Èmùré, nítorí àwọn aboyún tó ń gun ọ̀kadà wá dókítà kiri. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, ìyẹn nìkan ni kò ní àbùkù, mo sì fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣí i.

Olórí ọdẹ ìlú náà, bàbá kan tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ní kò bójú mu kí ológun ṣílé láìsí ìbọn ẹ̀yẹ. Mo ti mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ láti gé ríbọ́ọ̀nù nígbà tó yin ṣakabùlà rẹ̀ sókè lẹ́yìn wa. Mi ò mọ bí mo ṣe délẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú gọ́tà ni mo wà, agbádá bò mí lórí, mo ń pariwo, "Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!" Lójú ọba ni o. Ẹnìkan kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èrò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò kú, mo wá gbé ẹ̀sín náà lé ẹlòmíràn lórí. Mo dìde, mo nàka sí bàbá náà, mo ní, "Ó fẹ́ pa mí! Èmi ló dojú ìbọn kọ!" Ẹ̀rín dákẹ́ wẹ́lo. Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti mú un, ẹgbẹ́ ọdẹ sì ti gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lẹ́yìn káńtà ní àgọ́ ọlọ́pàá kí n tó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ojú ń tì mí láti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ pé ilé rẹ̀ ń jò, mo wá di páànù ránṣẹ́, mo sì ní káfíńtà mi bá a kàn án. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí. Àṣé mo tún bà á jẹ́ sí i ni. Àwọn ará ìlú ń wí pé, "Ẹ wo ọkàn rere! Ẹni tó fẹ́ pa á ló tún ń bo ilé fún." Bí oore mi ṣe ń pọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń dájú sí i lójú wọn.

Lọ́sẹ̀ kejì, bàbá náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Kò gba ìjókòó.

"Wá kó páànù rẹ kúrò lórí ulé mi," ló wí. "Òjò ti ń pa mí tipẹ́, kò pè mí ní apànìyàn rí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ mi obìnrin ni wọn ò fẹ́ mọ́. Àwọn àna ní àwọn kì í fẹ́ ọmọ apànìyàn. Ojú gbogbo ùlú lo ti bà mí jẹ́, ojú gbogbo ùlú ni kó o ti tún mi ṣe. Sọ fún wọn pé ùbọn mi ò wá ọ."

Mo fi Ọlọ́run búra. Mo ní kó wá síbi ìdúpẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ni màá ti sọ ọ́.

Ó wá. Ó wọ aṣọ òkè rẹ̀ àtijọ́, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ náà tẹ̀ lé e. Àwọn àna náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó pè mí, pásítọ̀ ti fi mí wàásù: ẹ wo ẹni tó dárí ji ọ̀tá rẹ̀! Ìjọ pàtẹ́wọ́. Mo gba makirofóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ: ẹ̀rù ló bà mí, bàbá yìí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo wo ojú wọn, mo rántí bí wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa," mo sì dá makirofóònù padà.

Pásítọ̀ ní kí bàbá jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìjọ yíjú sí i. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àwọn àna, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀. Ó rìn dé iwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbàlagbà tó yẹ kí èmi máa dọ̀bálẹ̀ kí. Mo nawọ́, mo fà á dìde, mo sì gbá a mọ́ra bí ẹni pé èmi ni mo ní ohun tí mo fẹ́ dárí jì í.