Ìràwọ̀ Ẹ̀yìn Táìlì

Láti kékeré ni Mfeddal ti ń to táìlì ní ìlú Fez. Ó lè mú ègé táìlì kan, kó yí i po, kó sún un síwájú, kó dà á kọjú síra bí ẹni ń wo dígí, títí odindi ògiri yóò fi kún fún ìràwọ̀ tí àlàfo kankan ò ní sí láàárín wọn. Ìdojúbolẹ̀ sì ni wọ́n ń tò ó. Ẹ̀yìn táìlì, tó pupa bí amọ̀, nìkan lojú ń rí; àwọ̀ ewé, aró àti funfun wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà lápá ọ̀tún yóò bọ́ sósì lọ́jọ́ tí wọ́n bá da símẹ́ǹtì sí i tí wọ́n sì gbé e dìde. Orí ni wọ́n fi ń rí i.

Bouchta, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé láti ẹ̀yìn náà lo ti ń wo ìyàwó ẹ nílé?"

"Lọ bi í, bó bá dá ẹ lóhùn."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ògiri ojú omi ẹ̀rọ àdúgbò wọn ṣe, Mfeddal ni wọ́n gbé e fún. Gbogbo ilé jáde wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà dìde. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ àárín ti wọ́. Àwọ̀ ewé wà níbi tó yẹ kí funfun wà, apá òsì ò sì bá ọ̀tún mu rárá.

"Ta ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi?" Mfeddal jágbe mọ́ wọn. "Ta ni?"

Wọ́n fọ́ ọ, ó tún un tò, ó sì gún régé. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin lọ sílé. Ó sọ fún Zhor ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé o rí i? Wọ́n ti fẹ́ pè mí ní arúgbó."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ mìíràn, ó dìde láti lọ kírun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, kò rántí ibi tó ń lọ mọ́. Ó padà. Bouchta wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń yọ àwọn ègé tí Mfeddal tò, ó ń yí wọn padà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

Ọwọ́ Bouchta dúró. "Mfeddal, jókòó ná."

"Ti ojú omi náà ńkọ́? Ìwọ lo tún un ṣe?"

Bouchta wolẹ̀. "Èmi ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, ọ̀rẹ́ mi."

Mfeddal fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn àwọn táìlì náà. Ó ń wá àwòrán náà nínú orí rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Pupa ni gbogbo rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Batoul ọmọ rẹ̀ obìnrin kó ègé táìlì wá fún un nílé. Mfeddal á gbé ọ̀kan sílẹ̀, á bèèrè pé, "Apá ibo lojú ẹ̀ kọ sí?" Batoul á sọ fún un. Kó tó gbé ìkejì, á tún bèèrè.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Zhor se kuskús, Bouchta sì wá jẹun bó ti máa ń ṣe. Mfeddal dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ta lẹ̀ ń wá?"

Bouchta wo Zhor. Zhor yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mfeddal ni mò ń wá."

"Áà, ẹ má bínú. Kò sí nílé."

Bouchta jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò jẹun tán kó tó dìde lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Kò tún wá mọ́. Zhor kò sì ránṣẹ́ pè é.