Géètì Ilé Ẹ̀kọ́ àti Ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́

Àwọn tó ń pè é ní Abẹ́rẹ́ kò fi bú u. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a sì máa gún èèyàn kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé wọ́n ti bá òun wí. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ọdún gbọọrọ ló fi rán aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onílé. Bí òjò bá ṣú, yóò sáré gbé ẹ̀rọ wọlé. Bí òjò bá dá, yóò tún gbé e jáde. Nígbà tó yá ló rí ṣọ́ọ̀bù kan gbà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ń kó katakata sí látijọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Bí oníbàárà méjì bá wà nínú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ẹni kẹta yóò dúró sí. Ṣùgbọ́n ó ní fèrèsé kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì ti fi òwú dúdú rán aṣọ dúdú rí yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ibẹ̀, kò rán nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń wo ògiri.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Tíntín, wà lára àwọn ọmọ tó ń sọdá títì ńlá lójoojúmọ́ kí wọ́n tó dé ilé ẹ̀kọ́. Títì yìí ni àwọn ọkọ̀ akóyanrìn ń gbà, wọn kì í sì í rọra. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn gbá ọmọ mẹkáníìkì àdúgbò. Ọmọ náà yè é, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ká dáadáa mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn òbí kò ti jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ sinmi, wọ́n ní kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun sí ìhà ibi táwọn ń gbé. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, títí ìjọba fi yọ̀ǹda ọgbà katakata àtijọ́ náà, tó ti di ilé ìpẹtà, tí wọ́n sì ní kí òbí mẹ́ta wá bá àwọn jókòó ṣètò rẹ̀. Àwọn òbí yan Abẹ́rẹ́, wọ́n yan mẹkáníìkì, wọ́n sì yan nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹnjiníà kan wà níbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá Sítọ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń bójú tó ohun èlò. Alága sì wà, obìnrin àgbà kan tó máa ń bọ́ awò ojú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti sú u. Alága kì í dìbò àfi bí ìbò bá dọ́gba.

Ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an ni Abẹ́rẹ́ ti dá òfin sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń sọ, Ọ̀gá Sítọ̀ sì ń yin ilé iṣẹ́ kan bí ẹni ń yin àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Abẹ́rẹ́ béèrè ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Ó ní àbúrò òun ni. Abẹ́rẹ́ ní kò burú, àmọ́ ẹni tó bá máa jèrè nínú ọ̀rọ̀ kan, tàbí tó máa pàdánù nínú rẹ̀, kó máa bọ́ síta kí àwọn yòókù parí rẹ̀. Kó má sọ̀rọ̀ sí i, kó má sì dìbò sí i. Alága ní òun fara mọ́ ọn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ni Ọ̀gá Sítọ̀ bá dìde, ó ti ikùn rẹ̀ ṣíwájú jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mẹkáníìkì sì ní láti fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú jáde. Láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀gá Sítọ̀ bá kí Abẹ́rẹ́, eyín nìkan ló fi ń kí i.

Gbogbo ètò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí báyìí. Ó ku ọ̀rọ̀ géètì. Ìjọba fẹ́ kó dojú kọ títì ńlá, torí pé ọ̀dà ti wà níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń kọjá á lè ka orúkọ àwọn lára rẹ̀. Àwọn òbí ní kò ṣeé gbọ́ sétí: ọmọ tó bá tú jáde láti ibẹ̀, iwájú ọkọ̀ akóyanrìn ló tú sí. Ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ni wọ́n fẹ́, níbi tí alùpùpù gan-an ti ń rọra. Ìbò wọn jẹ́ mẹ́ta, ti ìjọba jẹ́ méjì. Lójú Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ti tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ìkẹyìn, ẹnjiníà yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rò pé ó gbé ṣòkòtò wá fún àtúnṣe ni, ó sì nawọ́ láti gbà á láìgbójú sókè. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé pé àwọn ti gbẹ́ ilẹ̀ wò níbi tí wọ́n fẹ́ fi géètì sí lọ́nà ẹ̀yìn, àwọn sì bá ọ̀pá omi ńlá tó ń bomi fún gbogbo àdúgbò nísàlẹ̀. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa gorí rẹ̀. Bí géètì bá máa wà lọ́nà ẹ̀yìn ṣá, ibì kan ṣoṣo ló kù.

"Ibo nìyẹn?" ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

"Ibí yìí ni, mà."

"Ibí yìí, báwo?"

"Ibi tí ẹ jókòó sí."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí abẹ́rẹ́ fi rán kọjá etí aṣọ, tó ń gún afẹ́fẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí géètì bá wá lọ sójú títì, ìjọba á mọ òkìtì sójú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè máa rọra. Abẹ́rẹ́ ti rí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti rí bí àwọn ọkọ̀ yẹn ṣe ń fò ó.

"Mo ní kí ẹ má lọ gbọ́ ọ láàárín èrò ni," ni ẹnjiníà sọ, ó sì lọ. Oore ló ṣe é. Abẹ́rẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń wò ó bó ṣe ń lọ bí ẹni tó jà á lólè.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, ń fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tó sọ fún un. Ó ti rí ọ̀nà àbáyọ kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀ tán.

"Jáde," ló wí.

"Jáde lọ síbo?"

"Ìwọ lo ṣòfin. Tó o bá ti jáde, ó di méjì sí méjì, alága á gbé e sójú títì, ṣọ́ọ̀bù ẹ á wà níbi tó wà. Ta ló máa bú ẹ? Òfin lo tẹ̀ lé."

"Tíntín ńkọ́, Bàbá Tíntín?"

"Èmi á máa mú un dé ẹnu géètì."

"Lójoojúmọ́?"

Ó tún da omi sọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ náà ti mọ́. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé. Ohun tó ń jẹ Abẹ́rẹ́ lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Bó bá jókòó sípàdé tó dìbò, arúfin ni, wọ́n á sì fagi lé ìbò rẹ̀. Bó bá bọ́ síta, olóòótọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á sì yè, ọ̀nà ọkọ̀ yanrìn ni àwọn ọmọ á sì máa gbà jáde. Kò tíì rí i rí kí òótọ́ ṣiṣẹ́ fún òun tó báyìí, ó sì ń dẹ́rù bà á.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pé jọ sí yàrá ìpàdé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fáànù ń ké lórí wọn bí ẹni tí inú ń run. Ẹnjiníà tẹ́ àwòrán ilé sórí tábìlì, ó fi ife tẹ etí rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀pá omi láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá Sítọ̀ fi ìka tẹ àmì kékeré kan lára àwòrán náà.

"Ṣọ́ọ̀bù ta lèyí?"

Ó mọ ẹni tó ni ín.

"Tèmi ni," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Mẹkáníìkì yí ọrùn sí i. "Ìyá Tíntín, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti àná."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

Ìdáhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé ojú tì í. Ó ti dìde kí alága tó bọ́ awò. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn Ọ̀gá Sítọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ bí ti ẹni tó ń ṣàánú: "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn máa ń gbóná nírú àsìkò yìí, màdáámù. Apá ọ̀tún ni ibòji wà. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa."

Ó dúró sí apá òsì.

Ó ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé. Mẹkáníìkì ti ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó ń fà á gùn, ó ń padà sẹ́yìn, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ìbò má tètè dé. Nọ́ọ̀sì ń tì í lẹ́yìn. Alága ní òun ti gbọ́, òun ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní. Ó ro fèrèsé rẹ̀. Ó ro Tíntín, tí kì í wo ẹ̀gbẹ́ bó bá ti rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lódìkejì. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù ìjọba ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kò lè sọ lẹ́yìn náà pé òun rò ó jinlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ̀gùn.

Ọmọbìnrin kan ló bá nínú ọ́fíìsì náà, ó ń fẹ́ tíì gbígbóná. Abẹ́rẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ síwájú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù òun padà.

"Ẹ fẹ́ gba òmíràn?"

"Rárá. Mo dá a padà ni."

Ọmọbìnrin náà gbé ife sílẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Tó bá jẹ́ ìjọba ló wó o, a máa fún yín ní òmíràn. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá a padà, ẹ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn àwọn tó ń tò lẹ máa bọ́ sí, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ o. Ẹ lọ bá wọn sọ ọ́ nílé ná."

"Lù ú lóǹtẹ̀ fún mi, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, ṣe é kíá."

Nígbà tó padà dókè, mẹkáníìkì ti jókòó. Ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Alága ti ní kí àwọn tó fẹ́ títì nawọ́, ọwọ́ Ọ̀gá Sítọ̀ àti ti ẹnjiníà sì wà lókè nígbà tí Abẹ́rẹ́ ti ilẹ̀kùn wọlé.

"A ò tíì parí, màdáámù," ni Ọ̀gá Sítọ̀ wí.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì parí. Ọ̀rọ̀ náà ni ò kàn mí mọ́." Ó fi ìwé tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ síwájú alága, ó sì dúró.

Alága kà á. Ó bọ́ awò, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà, ó tún un kà. Ọ̀gá Sítọ̀ ti ń sọ pé ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni, pé ẹnì kan kò lè lọ sísàlẹ̀ kí ó gorí àtẹ̀gùn kí ó sì di ẹlòmíràn. Alága bi í bóyá obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́nà ẹ̀yìn. Ọ̀gá Sítọ̀ fèsì pé obìnrin náà ní in ní àárọ̀ yìí.

"Mi ò béèrè ti àárọ̀."

Ọ̀gá Sítọ̀ wo ìwé náà, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ jókòó, màdáámù," ni alága wí. "Bí ìbò bá kàn yín, ẹ nawọ́ síbi tó bá wù yín."

Ọwọ́ mẹ́ta lọ sókè fún ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe yìí, kí ló ṣe fún ara rẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ sì ń wo àwòrán tó wà lórí tábìlì, níbi tí ẹnjiníà ti ń fi pẹ́ńsù fa géètì kọjá láàárín fèrèsé rẹ̀.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fún un láti kó ẹrù. Mẹkáníìkì gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, kò sì tún mẹ́nu kan pé kò sọ fún òun láti àná. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, Abẹ́rẹ́ sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀ kí ó má lọ gún ẹni tó máa wó ibẹ̀, nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Ẹnìkan ti sọ fún un lọ́nà. Ó dúró, ó wo ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o jáde?"

"Mo jáde."

"Kí ló wá dé?"

"Mo tún padà wọlé."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣírò búlọ́ọ̀kù. "Ó dáa. Wọ́n á ṣáà fún ẹ ní òmíràn."

Abẹ́rẹ́ ń ṣa abẹ́rẹ́ lọ, ó ń kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Wọ́n á fún ẹ ní òmíràn, àbí?"

Ọkọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń wo ọ̀nà tóóró náà. Mẹkáníìkì gbé àga kọjá lára rẹ̀, ó gbé tábìlì kọjá, ó sì padà wá gbé àpótí òwú. Ọkọ Abẹ́rẹ́ kò yà fún un, kò sì bá a gbé e.