Èso Ọ̀rọ́ Eléwé Tí Ìyá Mi Fi Sílẹ̀

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Mowe. Eruku bo gbogbo òrùlé, òòrùn sì ń yọ jẹ́jẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń fi ìgbálẹ̀ gbo ẹ̀gún wínníwínní kúrò lára èso ọ̀rọ́ eléwé. Òun ni mo fi ṣe ọgbà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, èso rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá mi ló gé ewé àkọ́kọ́ tí mo gbìn fún mi láti Ifọ̀ kó tó di olóògbé.

Ọmọbìnrin mi, tó wá kí mi láti Ibafo, fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

"Màámi, ọmọ yìí ń tọ ẹ̀jẹ̀. Kí lẹ fún un jẹ lánàá?"

"Èso ọ̀rọ́ márùn-ún. Ó tún bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀kẹfà."

"Ọ̀rọ́ tí oje rẹ̀ ń fọ́jú ẹran? Ẹni tó ń bá yín ro oko ń bọ̀. Màá ní kó hú gbogbo ẹ̀ dànù lónìí."

Mi ò jiyàn. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í gbọ́ àlàyé. Mo wọ bàtà, a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì yẹ ìtọ̀ náà wò, ó rẹ́rìn-ín. "Kò sí ẹ̀jẹ̀ ńbẹ̀. Àwọ̀ èso ni. Màmá, èso yẹn dáa o. Ó ní fítámì nínú, ó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀, pupa inú rẹ̀ sì wà lára ohun tó ń dáàbò bo ara kó má tètè gbó. Àmọ́ kì í ṣe oògùn. Ẹ má torí ẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín tì."

Nígbà tá a padà délé, àdá ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ro oko. Mo gbà á, mo ṣá ewé kan, mo nà án sí ọmọ mi.

"Ọ̀rọ́ tó ń fọ́jú, oje funfun bíi wàrà ló máa ń sun. Èyí ńkọ́?"

Ó fọwọ́ kàn án. "Ó ń yọ̀ bí ilá."

"Ìyá àgbà ti borí yín," ni ọmọ náà wí.

Ọmọ mi bó èso kan jẹ. Ó bó òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gé ewé mẹ́ta, mo tẹ́ wọn síbòji kí ojú ibi tí mo gé gbẹ, torí tútù rẹ̀ máa ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ọmọ mi ló máa kó wọn lọ gbìn ní Ibafo.