Ilé Ráfíù Tí A Gbé Lọ Tọrọ Ìyàwó ní Kétu

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí Ráfíù, ọmọ ọmọ mi, wá kan ilẹ̀kùn mi ní Ìfọ̀nyìn. Ó ní kí n dìde, ilé ti ń dúró dè mí lójú títì. Mo dàgbà dàgbà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Gbogbo ilé tí mo mọ̀, èèyàn ló ń tọ̀ wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n òmìnira ti dé, wọ́n sì ní gbogbo nǹkan ni yóò yí padà. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ owó orí ni wọ́n ń sọ ni.

Ọkọ̀ ni o. Òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ kiri ni Ráfíù ń wà á fún tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ ni òyìnbó náà ń sùn, inú rẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn padà sílé, ó fi í sílẹ̀ fún Ráfíù. Mézọ̀n rùlántì ni Ráfíù ń pè é, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilé tó ń yí. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, àti sítóòfù, abẹ̀bẹ̀ oníná, àpótí kan tó ń mú omi tutù, àti iná gílóòbù. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wọn, bí ọkùnrin tó kó ìyàwó mẹ́rin jọ sórí oko kan.

Ìdí ìrìn àjò náà ni pé Ráfíù fẹ́ Sàlámátù, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Kétu. Bàbá ọmọ náà ti ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ọkùnrin tí kò nílé. Ráfíù ránṣẹ́ sí i pé òun ti nílé, òun sì ń gbé e bọ̀ kí wọ́n wá wò ó. Èmi àti Bàbá Ṣítù, àbúrò olóògbé ọkọ mi, ni a ó ṣe alágbàsọ. Bí wọ́n bá dá wa padà lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ parí, nítorí oníṣòwò kan ní Ìgólò, onílé páànù, ti ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí ọmọ náà.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣílé, a kì í lọ kí i lọ́wọ́ òfo. Ẹbí kò já Ráfíù kulẹ̀. Ẹnìkan gbé dígí wá, ẹnìkan gbé àwòrán Mẹ́kà wá. Bàbá Ṣítù gbé aago ògiri kan wá, tó ti kú ṣáájú ọkọ mi. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ìṣó gbọ̀ngbọ̀n kàn mọ́ ara ọkọ̀, bí ẹni ń kàn án mọ́ ògiri amọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kan aago ni iná ti ń kú. Ráfíù ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní fusíbù, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú dígí kékeré, tó máa ń já kí wáyà má baà jóná. Ó já, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún já. Ọmọ mi gbọ́n púpọ̀. Ó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e, kò sì já mọ́.

Mo ní, "O ṣeun o. Ajá ń gbó, o dì í lẹ́nu."

Ó ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Sákétè. A ra àkàrà, mẹ́ta ní fáránkì márùn-ún, tó kéré sí ti Ìfọ̀nyìn, tó sì ṣófo nínú bí ìlérí òṣèlú. Títí dé Ìpóbẹ̀, ọ̀pẹ ni lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ ni lósì, ọ̀nà pupa sì dára díẹ̀. Lẹ́yìn Ìpóbẹ̀ la wọ ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí. Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ yẹn a máa gbé ọkọ̀ mì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwa, ó ti sán kankan, ó kàn ń ta wá sókè ni. Mo jókòó lórí ibùsùn bí ìyàwó tuntun, ìkòkò ń bá ara wọn jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Láìpẹ́, ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru.

Mo ní, "Ráfíù, ògiri ilé rẹ ń gbóná."

"Oòrùn ni, Ìyá."

"Apá ibi tí oòrùn kò sí ni mo wà."

Bàbá Ṣítù, tó ti fẹ̀ sórí àga òyìnbó, dá sí i: "Ìyàwó wa, ilé tuntun nìyí. Fara dà á."

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ na ọwọ́ yín síbí, ẹ bá mi fara dà á."

Ó fọwọ́ kàn án. "Yéè! Lá ilàhà!" Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó gbójú sókè. Òórùn rọ́bà tó ń jó gba ibẹ̀ kan, èéfín sì ń jáde lẹ́yìn aago ògiri. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí aago náà ṣe nǹkan kan.

Ráfíù dá ọkọ̀ dúró, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀. Bàbá Ṣítù gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀, ó fẹ́ da omi sí ògiri.

Ráfíù pariwo: "Ẹ má dà á, Bàbá! Iná mànàmáná ni!" Ó sáré tú orí bátìrì, èéfín sì rọlẹ̀. Ló bá jókòó sínú eruku. Ó ní, "Ìyá, oníṣòwò Ìgólò ti gba Sàlámátù lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká so bátìrì padà, ká máa lọ bẹ́ẹ̀, bóyá a ó débẹ̀ kó tó jó."

Mo ní, "Ká gbé iná lọ tọrọ ìyàwó? Wọ́n á ní a gbóná jù. Dìde. Sàlámátù kì í ṣe ewúrẹ́ tí yóò já okùn kí oòrùn tó wọ̀. Bí iná bá bàjẹ́, ibo lo ti máa ń rí òyìnbó rẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?"

Ó ronú. Ó ní láti orí bátìrì ni, a sì máa fọwọ́ tọ wáyà títí dé òpin. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Orí bátìrì gan-an ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ó fi sípánà dè é. A kó dígí àti àwòrán bọ́ sílẹ̀ sínú koríko, ó sì yọ pátákó ògiri. Ìṣó aago ti gún awọ wáyà kan wọlé. Lẹ́yìn ibùsùn, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti so wáyà àwọn gílóòbù aláràbarà tó rà mọ́ ti tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn àna, ó ti kàn lọ́ ọ wẹ́rẹ́ nígbà yẹn, ó fi àkísà wé e. Àkísà ti di èédú.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Awakọ̀ rẹ̀ wo dígí àti àwòrán tí a tò sínú koríko, ó ní, "Ẹ kú ìṣílé o! Ṣé yàrá kan ṣófo níbẹ̀?"

Mo ní, "Ó ṣófo. Ó ń jó díẹ̀ ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gé rọ́bà inú táyà fún wa, ó sì lọ. Ráfíù gé gbogbo ibi tó ti dúdú kúrò lára wáyà títí bàbà pupa fi yọ. Ó ha á, ó lọ́ wọn pọ̀ dáadáa, ó fi rọ́bà dì wọ́n. Ó tú bébà sìgá sọ nù, ó sì fi fusíbù tòótọ́ tó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí wáyà: gílóòbù kan, ó tutù, abẹ̀bẹ̀, ó tutù, àpótí omi, ó tún ń móoru. A pa ti àpótí. Gílóòbù aláràbarà wọ àpò. Gbogbo ìṣó la yọ, Bàbá Ṣítù sì gbé aago rẹ̀ lé itan bí ọmọ jòjòló títí a fi dé Kétu.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí a débẹ̀. Bàbá Sàlámátù yí ọkọ̀ náà po, ó ta táyà nípàá, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ráfíù tan iná. Kò ṣẹ́jú, kò rùn. Inú mi dùn. Bàbá Sàlámátù mi orí.

Ó ní, "Ó mọ́lẹ̀. Ráfíù, bí ọmọ mi bá bímọ, níbo lẹ ó ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ nínú ilé yìí? Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé bá àgbà, níbo lẹ ó sin ín sí?"

Bàbá Ṣítù, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ kejì kàn, wo abẹ́ ibùsùn.

Bàbá Sàlámátù ní, "Ọkọ̀ tó dára ni. Ilé ni mo béèrè."

Ráfíù wò mí, omi ti lé sí i lójú. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo kó bọ̀ láti Ìfọ̀nyìn kò wúlò mọ́. Mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò fẹ́. Mo ní, "Bàbá Sàlámátù, ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn yàrá mi tí mo ń gbin ata sí. Láti òní lọ, Ráfíù ló ni ín. Ẹ fún un láyè kó kọ́lé."

Ó ní, "Ẹ dìde, Ìyá. Ọjọ́ tí ògiri bá ga dé èjìká, ẹ padà wá mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Aṣọ ará Ìgólò á padà lọ́la."

Ohùn Sàlámátù jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Bàbá, èjìká ta ni? Tèmi ni àbí ti Ráfíù?"

Ọmọ náà kúrú. Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bá yín ná an!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Yàrá Bàbá Sàlámátù la sùn sí, kò sì sẹ́ni tó rán wa létí pé a gbé ilé wa wá. Lọ́jọ́ kejì a padà sí Ìfọ̀nyìn láìsí èéfín. Ẹ̀kọ́ ìrìn àjò náà kò pọ̀: ẹni tó bá fẹ́ fẹ́yàwó, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń pè ní ilé lọ́wọ́ àna rẹ̀, kó tó lọ ra bátìrì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìn yàrá mi. Mo mú igbá jáde, mo sì ń ká ata tó ti pọ́n lọ níwájú ọkọ́ Ráfíù.