Òkè ni àbí Ìsàlẹ̀?

Ológbò ni wọ́n ń pe pẹ́ńtà yìí, nítorí bó ṣe máa ń rìn lórí àkàbà. Ó lé ní ogójì ọdún tó ti ń kun ilé. Kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá ń gùn. Ojú rẹ̀ á wà lára ògiri, ẹsẹ̀ á sì wá igi ìdábùú fúnra rẹ̀. Ó máa ń sọ fún ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ pé ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ lórí àkàbà, kó yáa lọ máa kun ilẹ̀kùn.

Àbúrò rẹ̀ ló máa ń di ìdí àkàbà mú. Àwọn méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Ológbò bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì, àbúrò ti mọ̀ pé ọ̀dà ti tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Ológbò ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ òfìfo. Ó rò pé igi wà níbẹ̀. Ó ṣubú. Ibi tó kù kó tó kanlẹ̀ kò ga mọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèṣe. Ṣùgbọ́n garawa ọ̀dà já bọ́, díẹ̀ ló kù kó ba àbúrò lórí, ọ̀dà sì dà sí i lójú. Àbúrò nu ọ̀dà kúrò lójú, ó ní òun ò mọ̀ pé òun náà wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ kùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó gbé iṣẹ́ fún wọn ní Ológbò ò ní gùn mọ́ àfi tó bá gba ìwé wá lọ́sibítù pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́sibítù, dókítà obìnrin kan ní kó bọ́ bàtà, kó dùbúlẹ̀, kó di ojú. Ó ní ara máa ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà láìwò ó, ohun tí òun fẹ́ wọ̀n nìyẹn. Ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó má baà jẹ́ pé títẹ̀ ló máa tú àṣírí. Òun á máa gbé e lọ gbé e bọ̀, Bàbá á sọ bóyá òkè ni àbí ìsàlẹ̀.

Ológbò ò mọ nǹkan kan. Àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ dókítà. Tó bá lọ sókè, ẹ̀gbà á ró. Tó bá lọ sísàlẹ̀, á dákẹ́.

“Òkè,” ni Ológbò wí. “Ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀. Òkè.”

Ó gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Inú dókítà dùn, ó ní ẹsẹ̀ Bàbá mú ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ó fa ìwé yọ, ó ń wá bírò.

Ológbò jókòó, ó ń wọ bàtà. Ó rò pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti wọlé. Nígbà tó wolẹ̀, ẹsẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, lórí sìmẹ́ńtì. Ó wò ó títí. Ojú àbúrò rẹ̀ tí ọ̀dà bò ló ń rí.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ yín.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Òun ló ń dáhùn. Èmi kọ́.”

Dókítà bọ́ ẹ̀gbà, ó kó o sápò. Wọ́n tún ìdánwò náà ṣe. Ológbò gba mẹ́rin. Dókítà ká ìwé náà kúrò láìkọ ọ́. Ó bi í pé kí ló dé tó fi sọ, nígbà tí òun ò ní mọ̀.

“Ẹnì kan máa ń wà lábẹ́ mi,” ni Ológbò wí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n padà sídìí ilé tí wọn ò tíì kùn tán. Àbúrò fẹ́ di àkàbà mú. Ológbò na búrọ́ọ̀ṣì sí i. Àbúrò gbà á.

“Ẹ̀gbọ́n, màá máa wo ẹsẹ̀ mi o.”

“Máa wò ó.”

Àbúrò gùn ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wolẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ológbò fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí àkàbà mú. Nígbà tó yá, búrọ́ọ̀ṣì kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì lókè. Ológbò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ọ̀dà.