Imú Màmúdù Lẹ́nu Sàlẹ́ńsà

Ní gbogbo Ọjà'ba, kò sí awakọ̀ akẹ́rù tí kò mọ imú Màmúdù. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣe ségesège, mẹkáníìkì mìíràn á kọ́kọ́ gbé sípánà. Màmúdù ní tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà, paípù tí èéfín ń gbà jáde, á fà á símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná.

"Omi ti wọ inú dísẹ́ẹ̀lì ẹ," ni yóò wí. Kì í ṣìnà, àbí ohun tí àwọn awakọ̀ ń sọ ṣáá nìyẹn. Bí òjò bá ń rọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù páànù rẹ̀ tí kò ní fèrèsé ni yóò ti ṣe é. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, á mu epo pupa láti fi fọ èéfín kúrò láyà.

Nítorí náà, nígbà tí ikọ́ dé lọ́dún 1961, tí ara rẹ̀ ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ ń bá itọ́ rẹ̀ jáde, kò fura sí èéfín. Epo ṣáà ń fọ ìyẹn. Fàsásì ló fura sí. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, imú sì ni Fàsásì náà fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bẹyẹrunkà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ikọ́ ọ̀hún le.

Dókítà wo àwòrán àyà rẹ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ti mú un ní ẹ̀dọ̀fóró.

"Ṣé ẹ máa ń mu sìgá?"

"N ò fẹnu kàn án rí."

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Nígbà tó gbọ́ ti sàlẹ́ńsà àti ti epo pupa, ó tún gbé àwòrán náà wò. "N ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ló fà á, wọ́n ṣì ń wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fura sí i. Ẹ má fa èéfín yẹn símú mọ́. Epo tí ẹ ń mu, ikùn ló ń lọ, kò dé ibi tí èéfín wà."

Màmúdù wò ó tìfura-tìfura. Ta ló rán ọkùnrin yìí? Bí òun bá ṣíwọ́ nínú fífi imú ṣiṣẹ́, ta ni yóò kó gbogbo oníbàárà òun bí kò ṣe Fàsásì?

Nílé, ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ìyàwó rẹ̀ Sẹ̀gilọlá ní, "Bàbá Sìdí, kẹ́ ẹ tó lọ jẹun ní Bẹyẹrunkà, ṣebí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ti ń dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò?"

"Dákẹ́! Fàsásì ti bá ìwọ náà sọ̀rọ̀, àbí?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gba Bẹẹrẹ lọ láti fi ẹnu ara rẹ̀ bi í. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ ikọ́ kan láti inú ṣọ́ọ̀bù, ikọ́ gbígbẹ, gígùn, tó jọ tirẹ̀. Fàsásì jáde, ó ń fi àkísà nu ẹnu. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta.

"Ìwọ Màmúdù, ẹsẹ̀ ẹ gbé ẹ wá! Kí lo fi sínú oúnjẹ tá a jẹ ní Bẹyẹrunkà?"

Ìbéèrè tí Màmúdù gbé wá ni Fàsásì ti já gbà lẹ́nu rẹ̀ yìí. Lójijì ló rántí ọ̀gá wọn, ẹni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn ẹ́ńjìnnì. Ikọ́ ló pa á. Wọ́n ní àwọn ọ̀tá ni.

"Fàsásì, ọ̀gá wa ńkọ́? Ta ló bá òun jẹun?"

Awakọ̀ kan fi ẹ̀yìn lọ́rì rẹ̀ wọlé tọ̀ wọ́n, èéfín ń rú túú. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀!"

Fàsásì ti ń bẹ̀rẹ̀ sídìí sàlẹ́ńsà kí Màmúdù tó di aṣọ rẹ̀ mú látẹ̀yìn.

"Pa ẹ́ńjìnnì yẹn," ni Màmúdù sọ fún awakọ̀. "A ó tú u wò."

Fàsásì wo ọwọ́ tó di aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni ń wo ọwọ́ olè. Ṣùgbọ́n kò já a gbà.